Bàbá Fìlà, Ẹni Tó Ń Dé Etí Gìtá

Ìda ti yọ́ nínú agolo, mo sì ti gbé e kúrò lórí iná, nígbà tí fóònù mi dún. Mo ti ki etí gìtá Bùọ̀dá Dáníẹ́lì bọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kéékèèké sì ń ru jáde lára rẹ̀. Mò ń dúró kí ó ṣíwọ́. Fìlà idẹ tí mo fẹ́ dé e wà lórí tábìlì. Mo ti nu inú rẹ̀, mo sì ti fi bíléèdì ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó o pọ̀ yóò ti mú.

Wàsíù àbúrò mi ló pè láti ọsibítù ní Ìkẹjà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Àgbà ti lọ."

Mo ní, "Lọ síbo?"

Mo ti mọ ibi tí wọ́n lọ kí n tó parí ìbéèrè náà.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró. Nígbà tí mo yí padà, mo yọ etí gìtá náà kúrò nínú ìda, mo dé fìlà lé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo jó o ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì dá a padà sínú gìtá. Àwọn kan tí mo sọ èyí fún ní ọkàn mi le. Ọkàn mi kò le. Ẹni tó kú yẹn gan-an ló kọ́ mi pé a kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìda bá ti gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo pa iná, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọ inú ilé lọ tẹ́ ẹní dè wọ́n. A ti sin wọ́n kí ìrun Alásárì tó wọlé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí. Nínú ilé wa, kò sí etí gìtá tó ń parí títí Bàbá Àgbà yóò fi tẹ́tí sí i, tí wọ́n á sì sọ pé, "Ó dákẹ́." Láti ọjọ́ tí mo ti mú irin iṣẹ́ dání, àwọn ni wọ́n ń gbọ́ iṣẹ́ mi fún mi. Bí mo ṣe ń fọ ìda kúrò lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ìbéèrè kan wà lábẹ́ ẹkún tí mò ń sun: ta ni yóò máa gbọ́ ọ báyìí?

Bùráímọ̀ ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Fìlà ni gbogbo àdúgbò wa ní Àgége mọ̀ wọ́n sí. Àlejò á rò pé nítorí fìlà orí wọn ni. Òótọ́ ni pé wọn kì í ṣí i. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń wẹ̀, wọ́n á fi fìlà kọ́ ibi tí ojú wọn yóò ti máa tó o. Ṣùgbọ́n fìlà tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ kì í ṣe ti orí.

Lábẹ́ okùn gìtá oníná, ohun kan wà tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, àti wáyà bàbà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí a wé yí i ká láìníye. Òun ló ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, tó sì ń gbé ohùn náà gba inú wáyà lọ sínú àńpù tí yóò sọ ọ́ di ńlá. Àwọn olórin ń pè é ní píkọ́ọ̀pù. Bàbá Àgbà ń pè é ní etí gìtá. Bí etí yìí bá wà ní ìhòòhò, ó máa ń gbọ́ ohun tí kò kàn án. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, gílóòbù gígùn, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ inú rẹ̀, á wá máa kùn bí ilé oyin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dé fìlà idẹ fún un, tí a ó sì jó o mọ́ ìdí rẹ̀ kí ariwo má lè wọlé. "Etí tí kò ní fìlà," wọ́n á ní, "gbogbo ọ̀rọ̀ àdúgbò ni yóò gbọ́, kò sì ní gbọ́ èyí tí wọ́n torí ẹ̀ dá a."

Kì í ṣe gìtá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to rédíò ní Ìkẹjà ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, níbi tí wọ́n ti ń wé wáyà. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, dé, nǹkan èlò kò wá láti òkè òkun mọ́. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró ní yàrá kan, wọ́n dá ti yàrá kejì dúró, títí wọ́n fi ti géètì. Ológun kan ń lọ, òmíràn ń dé, géètì náà kò ṣí mọ́. Àwọn olórin tó ń ṣeré ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì òpópónà Allen ní Ìkẹjà ní gìtá, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ ti jẹ fìlà etí gìtá wọn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè ra tuntun. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ pé bàbá kan wà ní Àgége tó mọ wáyà wé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Àgbà ń ra idẹ lọ́wọ́ àwọn oníkọndẹ́mù tó ń ta páànù àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ lé orí igi tí wọ́n gbẹ́ bí etí gìtá, wọ́n á sì máa fi òòlù kékeré rọra lù ú títí yóò fi tẹ̀ mọ́ igi náà. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé, òòlù yẹn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Kì í yára, kì í sì í dúró. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá inú wọn kò bàjẹ́ sí iṣẹ́ tó bọ́. Wọ́n ní, "Ó bàjẹ́. Fún mi ní òòlù yẹn."

Ìda ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà àbẹ́là ni wọ́n máa ń yọ́ mọ́ ọn. Àbẹ́là yìí ló fa ìjà àwọn àti Ìyá Àgbà jù. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ.

Ìyá Àgbà ní, "Bàbá Múfú, àbẹ́là mi dà?"

"Ó ti lọ sí Allen."

"Kí ló lọ ṣe ní Allen?"

"Ó wà nínú gìtá."

"Nínú òkùnkùn biribiri tí a wà yìí, gìtá lẹ fún lábẹ́là? Ṣé gìtá máa wá ọ̀nà ilé ìdáná ni?"

"Bí a ò bá fún un, Ìyá Múfú, yóò máa han ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wáyà tó bá tú díẹ̀ nínú etí gìtá, tàbí fìlà tí àyè bá kù lábẹ́ rẹ̀, yóò máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Bí gìtá bá wá súnmọ́ àńpù, á bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ìda ló ń dí gbogbo àyè yẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ gbóná nígbà tí a bá ń tẹ fìlà mọ́lẹ̀, kí èyí tó pọ̀ jù lè rí ọ̀nà sun jáde. "Ìgbà tí ìda bá gbóná lo lè bá a sọ̀rọ̀," ni wọ́n kọ́ mi. "Bó bá ti dì, kò gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́." Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò bèèrè ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Wọ́n ní, "Ẹ lọ wá àbẹ́là mi wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà á han."

Nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wọn, Àlájì Lámídì, ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí, kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó wá sí ìdí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó rí gìtá mẹ́ta tí wọ́n fi ti ògiri.

"Bùráímọ̀, kí lo fẹ́ sọ tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè lọ́run pé gìtá ṣọ́ọ̀ṣì lo fi ayé ẹ tún ṣe?"

Bàbá Àgbà kò gbójú sókè. "Orí òpó kan náà ni iná mọ́ṣáláṣí wa àti iná ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń wá. Lọ pín in sí méjì ná, kí n tó dá ọ lóhùn."

"Iná wo? Iná tí kò sí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Àlájì fi jókòó sórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé. Bàbá Àgbà ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tó bá dé, a ó jọ pín in."

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mí. Àwọn ẹbí kan ń bẹ̀rù pé nǹkan ń ṣe mí. Bàbá Àgbà ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò dí ni etí rẹ̀ láyè. Wọ́n á gbé gìtá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fìlà fún lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ di okùn rẹ̀, wọ́n á wá yí àńpù sókè.

"Kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan, sà."

"Tún gbọ́. Nǹkan kan yẹn gan-an ni mò ń bi ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ láti mọ ìdákẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́.

Wàyí o, ìtàn tí mo fi mọ̀ wọ́n ju gbogbo ìtàn lọ. Bùọ̀dá Dáníẹ́lì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ó ń jó fèrèsé onírin ní Ọ̀gbà, ó sì ń ta gìtá ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Oko-Ọba. Gìtá náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ìjọ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ràn tó o láyé. Ó gbé e wá kí wọ́n dé fìlà tuntun fún un ṣáájú ìkórè.

Bàbá Àgbà ní òfin kan. Òòfà kan tí wọ́n yọ lára sípíkà tó kú wà lẹ́sẹ̀ tábìlì wọn, tí wọ́n fi okùn so. Gbogbo páànù tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí òòfà bá fà, irin ni, irin sì máa ń gbé ohùn gìtá mì. Idẹ ni òòfà kì í fà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn kan láti ilé iṣẹ́ rédíò, Bàbá Kọ́lá, wá láti Àgídìngbì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú páànù kan tó ń dán yanran. Ó ní, "Ògidì idẹ rèé, Bùráímọ̀. Ẹ̀bùn ni." Mo rí ọwọ́ Bàbá Àgbà tó ń lọ sídìí òòfà. Mo sì rí i tó padà. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba páànù náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lójú ọ̀rẹ́ wọn kí inú rẹ̀ lè dùn. Òun ni wọ́n fi dé etí gìtá Dáníẹ́lì. Iná kò sí lọ́jọ́ yẹn, wọn kò lè tan àńpù, ìkórè sì ti di ọ̀la. Gìtá náà lọ láìsí ẹni tó gbọ́ ọ.

Irin ni. Wọ́n kàn fi idẹ pa á lára ni.

Ní àárọ̀ ìkórè, gìtá náà ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Dáníẹ́lì ta á títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, ohùn náà kò jáde síta. Àwọn tó ń jó padà jókòó. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ohùn tó bá kúrò ní ọwọ́ akọrin, ẹ̀ṣẹ̀ ló lé e. Wọ́n gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ gbààwẹ̀, kó wá jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fọwọ́ kan gìtá ìjọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún Ìyá Àgbà nídìí omi, pẹ̀lú ẹkún. Ó ní ọmọ òun kò jẹun, kò sì mọ ohun tí yóò jẹ́wọ́.

Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ ọ́ délé, Bàbá Àgbà dìde. Wọ́n wá èyí tó kù nínú páànù Bàbá Kọ́lá, wọ́n mú un lọ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Kò tíì dé ibẹ̀ tó fi fò mọ́ òòfà náà, pá! Wọ́n ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ náà rèé."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n wọ aṣọ Jímọ̀ wọn, wọ́n mú mi dání, ó di Oko-Ọba. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

"Ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀."

"Ẹ ṣí fìlà náà, sà. Ọkùnrin kì í dé fìlà wọlé níbí."

Mo ti rò pé a ó padà sílé. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣí fìlà náà, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́. N kò tíì rí orí wọn ní ìta rí. Ó pá láàárín, ó sì funfun ju ojú wọn lọ. Mo di fìlà náà mú bí ẹni di ẹyin mú.

Nígbà tó kan ìkéde, wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní, "Ẹ forí jì mí. Mùsùlùmí ni mí, n kò ní pẹ́. Ọmọ yìí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo dé gìtá yín, irin ni mo fi dé e. Mo rò pé idẹ ni, n kò sì dán an wò. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa jẹ́wọ́, mo ti jẹ́wọ́ o." Wọ́n yọ páànù náà àti òòfà tí wọ́n ti tú kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì lápò, wọ́n jẹ́ kí gbogbo ìjọ rí bí ọ̀kan ṣe fò mọ́ ìkejì.

Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú, ní, "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Bàbá Fìlà?"

"Èmi ni, sà."

Ẹnìkan ní ẹ̀yìn kígbe pé, "Fìlà wá dà?"

Bàbá Àgbà na ọwọ́ sí mi. "Ọmọ ọmọ mi ló mú un dání."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ní kí wọ́n gbé gìtá fún Dáníẹ́lì kó gbé e tẹ̀lé wa. Ìgbà tí a dé ìta ni mo rò pé Bàbá Àgbà yóò bẹ̀ ẹ́. Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dé fìlà wọn tán, wọ́n kọjú sí i.

"Nígbà tí o kọ́kọ́ ta á, o gbọ́ pé kò dára?"

"Mo gbọ́, sà."

"Ọjọ́ wo?"

"Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkórè. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ ni mo fi dán an wò."

"Kí ló dé tí o ò dá a padà?"

Dáníẹ́lì wo ilẹ̀. "Àgbà ni yín, Bàbá. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún yín pé iṣẹ́ yín kò dára? Ojú yín ni mo wò."

"Èmi wo ojú ẹni tó fún mi ní irin, ìwọ wo ojú mi. Ojú ni gbogbo wa ń wò, ta ló wá ń fi etí gbọ́? Ọjọ́ tí o bá tún gbọ́ ọ tí o ò wí, ìwọ lo bà á jẹ́, kì í ṣe èmi."

Wọ́n tú fìlà náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì fi idẹ gidi dé òmíràn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ bá di àríyànjiyàn nídìí iṣẹ́, Bùọ̀dá Dáníẹ́lì ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè.

Kí ẹ má rò pé wọ́n pé tán. Wọn kò sọ fún Bàbá Kọ́lá rárá pé irin ni ẹ̀bùn rẹ̀, títí ọ̀rẹ́ wọn yẹn fi kú. Bí ó bá wá, tó bèèrè pé, "Bùráímọ̀, idẹ yẹn ńkọ́?", wọ́n á ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ ńlá." Ìyá Àgbà kò gbà fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ní kí Dáníẹ́lì máa sọ òótọ́, ẹ̀yin alára ò lè sọ ọ́." Bàbá Àgbà ní, "Dáníẹ́lì ṣì kéré. Ó ṣì lè kọ́ ọ."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, ojú Bàbá Àgbà kò rí fìlà etí gìtá mọ́, ìdí iṣẹ́ sì di tèmi. Wọ́n á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fìlà wọn lórí, wọ́n á sì máa tẹ́tí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ní kí n tú iṣẹ́ palẹ̀. N kì í jiyàn. Nígbà tí Bùọ̀dá Dáníẹ́lì, tí irun òun náà ti funfun, gbé gìtá ìjọ yẹn wá pé fìlà rẹ̀ ti ń mì, inú wọn dùn bí ẹni rí ọmọ tó ti ìrìn àjò dé. Nígbà tí wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, ohun tí wọ́n sọ fún mi láti inú ọkọ̀ ni, "Má gbé e fún un kí n tó gbọ́ ọ o."

Lọ́jọ́ fídáù, lẹ́yìn àdúrà, Bùọ̀dá Dáníẹ́lì wọlé. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó, wọ́n sì sunkún díẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé, "Gìtá yín wà ní ṣọ́ọ̀bù, Bùọ̀dá. Mo ti dé e. Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ."

Wọ́n ní, "Kì í ṣe torí ẹ̀ ni mo ṣe wá o, Rísí."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Àwọn aráalé tẹ̀lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Iná wà. Bùọ̀dá Dáníẹ́lì jókòó sórí àpótí, wọ́n ta orin kan tí ó rọlẹ̀, gbogbo àwọn tó dúró sì ń mi orí.

Wàsíù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dára jù."

Àǹtí wa kan ní, "Ọwọ́ Bàbá gan-an nìyí. Ọwọ́ Bàbá kò kú. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú, ọmọ mi."

Gbogbo wọn ní àmín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú Bùọ̀dá Dáníẹ́lì ni mò ń wò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ di okùn, wọ́n yí àńpù sókè, wọ́n sì gbé gìtá náà rìn lọ síwájú rẹ̀ gan-an. Ohùn kan wà níbẹ̀, tó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Mo ti sunkún láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá Àgbà, n kò sì lè sọ bóyá inú etí mi ló wà tàbí inú gìtá. Mo rántí ìda tó wà nínú agolo nígbà tí fóònù dún, àti èmi tí mo dúró láìmọ bó ti pẹ́ tó, tí ìda náà sì ń tutù lọ.

Bùọ̀dá Dáníẹ́lì wo aṣọ dúdú tí mo wé mọ́rí. Wọ́n wo àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí a fi fìlà Bàbá Àgbà kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n pa àńpù, wọ́n gbé gìtá náà padà lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Rísí, ó ń han. Tú u, kí o tún un ṣe."